Ìbọn, Alágbẹ̀dẹ àti Ogun Kírìjí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, ìbọn lápátí, kò lápátí, ta ni yóò gbà kí a kọ ojú rẹ̀ sí òun? Òwe yìí kò ṣàjèjì sí wa. Bí àwọn àgbà bá pa á, ohun tí wọ́n ń fà yọ ni pé kò yẹ kí á fi ohun tí ó lè ṣeni ní jàǹbá ṣeré, bí ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé agbára rẹ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n bí a bá wo òwe náà dáadáa, a ó rí i pé ó tún ń tọ́ka sí ìtàn kan tí a kì í sábà gbọ́, èyí ni ìtàn ìbọn tí ó bàjẹ́. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe yìí mọ̀ pé ìbọn lè wà lọ́wọ́ ènìyàn kí apátí rẹ̀, ìyẹn ohun tí a ń fà kí ó tó dún, ti yọ dànù, kí ó sì ku igi àti irin lásán. Kò lè ṣe àṣàrò lórí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe pé ojú rẹ̀ ti rí i lemọ́lemọ́.

Àwọn òpìtàn wa fẹ́ràn láti ka iye ìbọn. Wọn a máa sọ fún wa pé ìlú báyìí ní ìbọn tó báyìí, pé ìlú kejì kò ní tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni ogun ṣe ṣẹ́ ìlú kejì. N kò sọ pé iye kò ṣe pàtàkì. Ohun tí mo ń bèèrè ni èyí: nígbà tí ìbọn bá kọ̀ tí kò dún, ta ni ó lè tún un ṣe? Níbo sì ni oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá? Ó dá mi lójú pé bí a bá fi ìbéèrè méjèèjì yìí wo Ogun Kírìjí, a ó rí ìdí tí ogun náà fi pẹ́ tó bí ó ti pẹ́, àti ìdí tí kò fi sí ẹni tí ó borí pátápátá níbẹ̀.

Ìbọn kì í ṣe ohun tí a bá lọ́wọ́ àwọn baba ńlá wa. Ẹṣin, ọfà, ọ̀kọ̀ àti idà ni Ọ̀yọ́ àtijọ́ fi jagun. Láti etíkun ni ìbọn ti gòkè wá, òwò ẹrú ni ó sì gbé e wá. Kò yẹ kí á fi ìyẹn pamọ́. Nígbà Ogun Òwu ní àwọn ọdún 1820, àwọn Ìjẹ̀bú tí wọ́n sún mọ́ òkun ni ìbọn pọ̀ lọ́wọ́ wọn, idà sì ni àwọn ará Òwu gbójú lé jù. Láti ìgbà náà lọ ni kò ti sí ìlú tí ó ń fẹ́ kí orúkọ òun wà láàyè tí kò wá ìbọn kiri. Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìbọn náà ní ìbọn àwọn ará Dẹ́ńmáàkì, nítorí pé àwọn ará ibẹ̀ wà lára àwọn tí ó tà á ní etíkun láyé àtijọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi máa di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá. Àwa ní tiwa sọ ọ́ ní ṣakabùlà. Etí ló mọ ìdí tí a fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: bí ẹ bá pe ọ̀rọ̀ náà sókè, ẹ ó gbọ́ bí irin ṣe ń kọ lura kí ariwo tó bẹ́. Èrò tèmi nìyẹn ṣá o. N kò fi ọwọ́ sọ̀yà lé e.

Kí ni ó ń ṣe ṣakabùlà? Ohun tí ó ń ṣe é pọ̀. Ẹnu ni a ti ń ki ìbọn yìí. A ó da ẹ̀tù sí i, a ó fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀, a ó fi ọta tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ ìṣe tí a ń lò níhìn-ín, ki, òun náà ni a ń lò bí a bá ní ẹnì kan ki ọwọ́ bọ àpò, ó sì bá iṣẹ́ náà mu gan-an. Ní ẹ̀gbẹ́ ìdí ìbọn, òkúta ìbọn wà lẹ́nu irin kékeré kan. Bí a bá fa apátí, òkúta náà yóò gbá irin mìíràn, iná yóò ta sí ẹ̀tù díẹ̀ tí ó wà nínú àwo kékeré, iná náà yóò sì gba inú ihò tóóró kan wọlé lọ bá ẹ̀tù tí ó wà nínú. Ẹ wo ibi tí iná yìí ní láti gbà kọjá! Bí òkúta bá ti kú, kò ní ta iná. Bí òjò bá ti kan ẹ̀tù, tàbí tí ọ̀rinrin òru ti wọ̀ ọ́, yóò kàn rú èéfín ni. Bí eérú ẹ̀tù àná bá dí ihò tóóró náà, iná yóò bù yẹ̀rì nínú àwo níta, inú ìbọn yóò sì dákẹ́ bí ẹni pé kò gbọ́. Èyí tí ó burú jù ni pé kí ẹni tí ìbọn rẹ̀ dákẹ́ má mọ̀ láàrin ariwo ogun pé ó dákẹ́, kí ó tún ki ẹ̀tù mìíràn lé ti àkọ́kọ́. Bí iná bá wá dé ibẹ̀, ìbọn lè bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn jagunjagun wa a sì máa ki ẹ̀tù ju bí ó ti yẹ lọ. Ìdí nìyí tí púpọ̀ wọn kì í fi gbé ìdí ìbọn lé èjìká wo ọ̀ọ́kán. Wọn a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, wọn a sì yìn ín. Ẹni tí ó bá ti rí ibi tí ìbọn ti ba ojú ẹlòmíràn jẹ́ kò ní gbé e sún mọ́ ojú tirẹ̀.

Ọgbọ́n tí àwọn ológun fi bá àìsàn yìí gbé ni wọ́n fi to ogun. Ìlà àkọ́kọ́ yóò sáré síwájú, wọn yóò yìn, wọn yóò fà sẹ́yìn lọ ki ìbọn, ìlà mìíràn yóò sì bọ́ sí ipò wọn. Ẹni tí ìbọn rẹ̀ kọ̀ náà yóò bá wọn fà sẹ́yìn, ojú kò ní tì í, nítorí pé ètò ogun ti gba tirẹ̀ rò.

Lẹ́yìn ìlà ogun, alágbẹ̀dẹ wà. Nínú àwọn ìtàn tí a kọ, kì í pẹ́ tí a fi ń gbàgbé rẹ̀. Òun ni ó ń rọ ọta irin nígbà tí ti òyìnbó bá wọ́n; òun ni ó ń tún irin tí ó tẹ̀ tò, tí ó ń pààrọ̀ apátí tí ó yọ, tí ó sì ń wá ìwòsàn fún ìdí ìbọn tí ó sán. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ó di ẹni tí ó lè rọ odindi ṣakabùlà fúnra rẹ̀. Mo bá alágbẹ̀dẹ àgbàlagbà kan sọ̀rọ̀ ní agbègbè Ìjẹ̀ṣà nígbà kan tí mo ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Mo bi í pé, “Ẹ̀yin bàbá, báwo ni ẹ ṣe ń mọ ohun tí ó ń ṣe ìbọn tí wọ́n bá gbé wá?” Ó ní, “Ọ̀gá tíṣà, ẹni tí ó gbé e wá ni n ó kọ́kọ́ bi. Ó lè jẹ́ òun gan-an ni àìsàn rẹ̀.” Lẹ́yìn ìyẹn ni ó wá ṣàlàyé fún mi pé kò sí ohun kan lára ìbọn náà tí ojú òun kò lè rí tàbí tí ọwọ́ òun kò lè kàn. Ọ̀rọ̀ yìí wú mi lórí ju gbogbo orúkọ irinṣẹ́ tí mo kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà lọ. Ṣakabùlà jẹ́ ìbọn tí ó máa ń ṣàìsàn púpọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo àìsàn rẹ̀ ni oníṣègùn wà fún nílé.

Àmọ́ òkúta ìbọn àti ẹ̀tù kò sí lábẹ́ agbára alágbẹ̀dẹ. Òkè òkun ni òkúta ìbọn tí ó dára ti ń wá. Ìlú kan wà ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Brandon, tí àwọn ará ibẹ̀ ṣì ń fọ́ òkúta fún ìbọn Áfíríkà títí wọ inú ọ̀rúndún ogún, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti pa irú ìbọn bẹ́ẹ̀ tì tipẹ́. Ẹ̀tù pẹ̀lú, inú àgbá ni ó ti ń dé sí etíkun. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wà ní òkè tí kò sì ní ọ̀nà sí òkun, àánú ẹni tí ó wà lọ́nà ni ó ń jẹ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí ni ó gbé wa dé Kírìjí. Ní 1877, Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn rán àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́ tí Faransé ń pè ní Porto-Novo, kí wọ́n lọ ra ohun ìjà. Àwọn Ẹ̀gbá dá wọn lọ́nà bí wọ́n ti ń bọ̀. Ìjà sọ, àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sì ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tí ó wà ní ìlú rẹ̀, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì dìde sí Ìbàdàn lábẹ́ orúkọ Èkìtìparapọ̀. Ògèdèǹgbé ará Iléṣà wá di olórí ogun wọn. Ibùdó méjèèjì dojú kọra láàrin Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, ní ibi tí òkè pọ̀ sí, wọ́n sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣakabùlà ni ọ̀tún, ṣakabùlà ni òsì. Ìbàdàn ni ó mọ ogun jà jù, ó sì hàn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì wà ní Èkó, àwọn mìíràn nínú wọn ti oko ẹrú Bràsíìlì àti láti Sàró padà wá sílé, wọ́n ti mọ ìwé, wọ́n sì mọ òwò. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n ra ìbọn ìgbàlódé tí a ń ki láti ìdí, wọ́n sì gba ọ̀nà Oǹdó, èyí tí Gómìnà Glover ti là ní 1872, gbé e ránṣẹ́ sí ibùdó. Snider wà nínú wọn, ìbọn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú wọ inú ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ ní 1866. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n lò lè yìn ín ní nǹkan bí ìgbà 10 ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ẹni tí ń ki láti ẹnu kò lè yìn ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Ọta rẹ̀ ń dé ibi tí ti ṣakabùlà kò lálàá dé. Ìró àwọn ìbọn wọ̀nyí láàrin òkè ni ó bí orúkọ Kírìjí. Àwa tí a ń kọ́ni ní èdè a máa fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ tí ó fara wé ìró. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ kò fi ṣe àpẹẹrẹ, wọ́n fi ń sá ni.

Gbogbo wa ni a mọ apá yìí nínú ìtàn náà, a sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé níbẹ̀ ni ó parí sí: ìbọn tuntun dé, ìyà jẹ Ìbàdàn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, èéṣe tí Èkìtìparapọ̀ kò fi lé Ìbàdàn dé odi ìlú rẹ̀? Ògèdèǹgbé kì í ṣe ojo. Àwọn ènìyàn rẹ̀ kò sì kéré níye.

Ẹ jẹ́ kí a wo inú ìbọn tuntun náà. Snider kì í jẹ ẹ̀tù lásán. Kátíríìjì ni ó ń jẹ, níbi tí ọta, ẹ̀tù àti ohun tí ń tan iná ran ẹ̀tù ti jọ wà nínú ìdì kan ṣoṣo. Bí ìdì náà bá wú díẹ̀ tàbí tí ó bá fẹjú, kò ní wọlé. Bí ó bá wọlé tí ó sì dún, èèpo rẹ̀ tí ó ṣófo gbọ́dọ̀ jáde kí òmíràn tó lè wọlé: ẹni tí ó mú un yóò ṣí ìdí ìbọn, yóò fà á sẹ́yìn kí èèpo náà lè kúrò ní ojú ihò, yóò wá dojú ìbọn dé kí ó lè já bọ́. Níbi tí èèpo bá há sí, ìbọn Snider kò sàn ju kùmọ̀ lọ. Inú gbígbóná àti eérú ẹ̀tù a sì máa mú un há. Alágbẹ̀dẹ lè bá wọn fi irin yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rọ kátíríìjì? Èèpo idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ká, tí a sì fi ohun tí ń gbaná sí ní ìdí, kì í ṣe iṣẹ́ tí ewìrì àti ọmọ owú lè ṣe. Bí kátíríìjì bá tán, a kò lè ki ọta irin àti ẹ̀tù àgbá bọ ìdí Snider kí a ní kí ó máa ṣe é mu ná.

Kí òǹkàwé má ṣe rò pé àìmọ̀ọ́lò tiwa ni ó fa híhá yìí. Ní oṣù January 1885, ọdún kan náà tí Látòósà kú sí ibùdó Kírìjí, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì jà ní Abu Klea ní ilẹ̀ Sudan. Martini-Henry tí ó gba ipò Snider ni ó wà lọ́wọ́ wọn, èèpo kátíríìjì rẹ̀ sì há mọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ogun lọ́wọ́ nínú iyanrìn àti ooru. Ìbọn Gardner tí wọ́n gbé lọ, èyí tí ń yọ ọta léraléra bí a bá ń yí i, há pẹ̀lú, àwọn tí ó dúró tì í sì kú nídìí rẹ̀. Ìbínú pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí ó tẹ̀ lé ìbínú náà ni mo fẹ́ kí á fiyè sí: wọ́n pa èèpo kíká tì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi odindi idẹ ṣe èèpo kátíríìjì. Ìbọn àwọn náà ṣàìsàn, wọ́n sì ní ilé-iṣẹ́ tí ó lè wò ó sàn. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ilé-iṣẹ́ tí ó lè wo Snider sàn wà ní òdìkejì òkun.

Níbi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Èkìtìparapọ̀ ní ìbọn tí ó dára ju ti ọ̀tá wọn lọ, ṣùgbọ́n ní ibi tí ó ti kan oúnjẹ rẹ̀, ọ̀nà Oǹdó àti àpò àwọn ọmọ wọn ní Èkó ni ẹ̀mí rẹ̀ so mọ́. Wọn kò lè ná kátíríìjì bí ẹni ń da omi nù. Ṣakabùlà ni ó ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ènìyàn wọn, Snider sì wà lọ́wọ́ àwọn díẹ̀ tí a yàn. Àwọn díẹ̀ yìí tó láti dá Ìbàdàn dúró. Wọn kò tó láti lé e lọ. Nígbà tí àárín Ìjẹ̀bú àti Ìbàdàn wá rọ̀ díẹ̀ ní àwọn ọdún 1880, ìbọn tí a ń ki láti ìdí dé ọ̀dọ̀ Ìbàdàn pẹ̀lú, ọ̀ràn sì di ọgbọọgba. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ó wá ku ìjókòó, ìfojúsọ́nà àti ikú kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ó fẹ́ kí a gbà pé oògùn ni ó dá ogun náà dúró, n kò bá wọn jà. Mo kàn mọ̀ pé Látòósà kò ránṣẹ́ lọ ra oògùn ní Àjàṣẹ́.

Àlùfáà Samuel Johnson wà lára àwọn tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ láàrin ibùdó méjèèjì láti wá àlàáfíà. Ìwé ìtàn rẹ̀, tí ó parí ní 1897 tí a kò sì tẹ̀ títí di 1921, kún fún orúkọ àwọn balógun àti akíkanjú. A kò lè dúpẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, bí mo bá ń ka ojú ewé wọ̀nyẹn, mo máa ń fẹ́ kí ó ti yà sí abà alágbẹ̀dẹ kan ní ibùdó, kí ó bèèrè iye ìbọn tí wọ́n gbé wá láti òwúrọ̀ àti ohun tí ó ń ṣe wọ́n. Ní 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká tán títí di 1893.

Kí wọ́n tó tú ká tán, ohun méjì ti ṣẹlẹ̀. Ní 1890, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù péjọ ní Brussels, wọ́n ṣe òfin tí ó ka títa ìbọn ìgbàlódé àti kátíríìjì léèwọ̀ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Ìdí tí wọ́n fi síwájú ni pé àwọn fẹ́ pa òwò ẹrú run. Ìdí náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Ẹ wo ohun tí òfin náà gbà láyè: ìbọn olókùúta tí a ń ki láti ẹnu, àti ẹ̀tù lásán. Ohun tí Birmingham àti Brandon ń tà ni wọ́n jẹ́ kí ó máa wọlé. Ní oṣù May 1892, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ìbọn Maxim lọ sí Ìmàgbọ́n. Ìbọn yìí ń fúnra rẹ̀ ki ara rẹ̀, ó sì ń fúnra rẹ̀ tu èèpo dànù. Ìjẹ̀bú, tí ó ti ń ta ìbọn fún àwọn ará òkè láti ìgbà Òwu, tí ó sì ń ti ọ̀nà mọ́ ẹni tí ó bá wù ú, kò lè dúró níwájú rẹ̀. Ẹni tí ó di ẹnu ọ̀nà mú tẹ́lẹ̀ wá rí ẹni tí ó di etíkun mú.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni Snider àwọn ará Kírìjí wọnú àjà. A lè rí ọ̀kan tàbí méjì nínú ilé àwọn ìdílé kan títí di òní, ìdí wọn ti pa mọ́ra nítorí ìpẹtà. Mo fi àwòrán ọ̀kan han bàbá alágbẹ̀dẹ yẹn. Ó wò ó pẹ́, ó yin irin rẹ̀, ó sì bi mí pé, “Kí ni wọ́n fẹ́ kí ó máa jẹ?”

Ṣakabùlà kò wọ àjà. Ọwọ́ ọdẹ ni ó wà, ó sì ń dún níbi ìṣípà ọdẹ àti níbi ọdún Ògún. Púpọ̀ nínú wọn ni a rọ nílé láti ìdí dé ẹnu. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ṣe Òfin Ìbọn ti 1959, wọ́n ya ìbọn tí a ń ki láti ẹnu sí ìsọ̀rí tirẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ àwọn ará Dẹ́ńmáàkì mọ́ ọn lára nínú òfin náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 1850 ni àwọn ará Dẹ́ńmáàkì ti ta odi wọn ní etíkun Gold Coast fún Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì ti kó ẹrù wọn lọ sílé.